Ta Ló Fún Ẹ́ńjìnì Lóyin?

Èèrà ni Túndùn Akínlọ́lá kọ́kọ́ rí. Wọ́n tò láti ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ àwọn táyà àlòkù kọjá, wọ́n sì ń wọ́ wọnú abọ́ irin ńlá tí wọ́n tú kúrò nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì. Túndùn lóṣòó, ó tẹjú mọ́ wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣe ọlọ́pàá ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ n'Ìbàdàn kó tó sọdá sí Maryland, ní Amẹ́ríkà. Ní báyìí, iléeṣẹ́ adójútòfò kan ló ń rán an kiri láti yẹ ọkọ̀ tó bàjẹ́ wò. Nínú gbogbo ìrìn rẹ̀, kò tíì rí èèrà tó ń du ọ́ìlì ẹ́ńjìnì mọ́ra wọn lọ́wọ́ rí.

"Ìgbà wo ni wọ́n ti wà níbẹ̀?" ló bi Aaron lédè Gẹ̀ẹ́sì.

"Láti àná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbá wọn dànù. Wọ́n tún padà wá."

Aaron ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ní College Park, lẹ́yìn ojú irin. Òyìnbó gíga tó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún ni, ẹ́ńjìnì ló sì ń tò fún àwọn tí wọ́n ń fẹ́ ọkọ̀ eré ìje ayé àtijọ́ àmọ́ tí apá wọn ò ká ojúlówó, tí wọ́n wá ń fọwọ́ ara wọn to ẹ̀dà rẹ̀ sínú gáréèjì. Ọ̀kan nínú irú wọn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn tó káwọ́ gbera: Fọláhàn, ẹnjiníà tó ń gbé ní Lake Arbor, tó ti pẹ́ tó ń pe Túndùn ní Àǹtí. Ó ti ń mi ẹsẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé.

Ọdún méjì gbáko ni Fọláhàn fi to ọkọ̀ tirẹ̀, aláwọ̀ búlúù, ẹ̀dà ọkọ̀ ọdún 1965. Nígbà tó ku ẹ́ńjìnì, ó mú ìwé pélébé kan dání, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń bi àwọn tó ń to ẹ́ńjìnì léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń wá ọkọ fún ọmọ. Àwọn méjì ló ṣẹ́ kù sórí ìwé náà: Aaron, àti ọmọ Yorùbá kan tó ń jẹ́ Ṣítù, ní Hillcrest Heights. Ṣítù ló mú. Ẹ́ńjìnì délé ní Sunday, ọjọ́ kejì oṣù Júùnù ọdún 1996. Ní Sátidé tó kọjá, Fọláhàn gbé ọkọ̀ náà jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò tíì rin máìlì mọ́kànlá tí ẹ́ńjìnì fi nọ́ọ̀kì lórí Central Avenue, tí táyà ẹ̀yìn sì gan pa. Ọkọ̀ yí bírí lójú títì, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì fi díẹ̀ báyìí gbé e mọ́lẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ pa mí ni, Àǹtí," ni Fọláhàn wí. "Ẹ̀rí wo la tún ń wá? Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí ni mo bá ọlọ́pàá tó gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ṣe àdéhùn. Tí ẹ ò bá rí nǹkan kan, mo máa dárúkọ Ṣítù fún un. Màá sì gbé iṣẹ́ yìí fún Aaron."

"O mọ̀ pé Monday ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá Ṣítù lẹ́nu wò nítorí green card rẹ̀?"

"Mo mọ̀. Ṣé torí ìyẹn ni kí n ṣe dákẹ́?"

Túndùn gbójú sókè. Agogo mọ́kànlá ààbọ̀ ni aago ara ògiri ń lù. Bí orúkọ ọmọkùnrin yẹn bá dé àgọ́ ọlọ́pàá lónìí, Monday rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ó ń dun Túndùn pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ń kọ lóminú.

Ó fi ìka kan igun abọ́ irin náà, ó gbé e sí imú.

"Mo ti bu díẹ̀ sínú omi gbígbóná," ni Aaron wí. "Ó yòrò. Ọ́ìlì kì í yòrò nínú omi."

"Oyin ni," ni Túndùn wí.

Fọláhàn súnmọ́ wọn. "Oyin báwo?"

"Oyin tí wọ́n ń lá. Ó wúwo ju ọ́ìlì lọ, ó sì rì sísàlẹ̀, níbi tí ẹnu pọ́ǹpù ọ́ìlì wà. Bí o ṣe ń wa ọkọ̀ lọ, oyin ni pọ́ǹpù ń fà. Asẹ́ dí, ọ́ìlì ò gòkè mọ́, irin wá ń ha irin títí wọ́n fi lẹ̀ mọ́ra." Ó yíjú sí Aaron. "Ìwọ náà dé Lake Arbor kí ẹ́ńjìnì yìí tó bàjẹ́."

Ojú Aaron le. "Tuesday, ọjọ́ kọkànlá. Mo lọ gba ìwé àwòrán tí mo yá a."

"Ìwọ nìkan wà ní gáréèjì?"

"Fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó wọlé lọ mú ìwé náà wá."

"Ó dùn ọ́ pé kò mú ọ."

"Ó dùn mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó wá lọ mú ọmọ àná."

Túndùn dákẹ́, ó ń wò ó. Ìdákẹ́jẹ́ ni pàṣán rẹ̀ láti ayé Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò lè gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ kí wọ́n tó máa sọ èyí tí wọn ò fẹ́ sọ. Aaron ò sọ nǹkan kan. Ó na ọwọ́ sókè pẹpẹ, ó gbé ìgò mímọ́ kan wálẹ̀. Ó ti lẹ bébà mọ́ ọn lára, ó kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i.

"Ohun tí mo bá lẹ́nu asẹ́ pọ́ǹpù nìyí. Mi ò mọ ohun tó jẹ́."

"Kí ló dé tó o fi tọ́jú rẹ̀?"

"Èmi kì í to ẹ́ńjìnì tuntun dípò èyí tó kú láìmọ ohun tó pa á. Bí èyí tí mo bá tò bá tún kú, èmi ni wọ́n máa bú."

Ìfura lórí Aaron já sí òfo nìyẹn. Ẹni tó bá da oyin sínú ẹ́ńjìnì ò ní kó ẹ̀rí ara rẹ̀ sínú ìgò kó tún kọ ọjọ́ sí i. Túndùn da ohun tó wà nínú ìgò náà sí àtẹ́lẹwọ́. Hóró kéékèèké ni, wọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú, wọn ò tó hóró ata gbígbẹ. Ó nu ọ̀kan mọ́ aṣọ, ó sọ ọ́ sẹ́nu, ó rún un. Iná sọ lórí ahọ́n rẹ̀.

"Kí ni?" ni Fọláhàn bi í. Ó ti rí ojú rẹ̀.

Ì bá wu Túndùn kó parọ́. "Ataare."

Fọláhàn sún sẹ́yìn bí ẹni pé nǹkan náà máa fò mọ́ òun. "Ẹ ti rí i báyìí? Òògùn ni. Aaron ò mọ ataare. Ta ló mọ̀ ọ́n nínú àwọn tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì yẹn, tí kì í ṣe Ṣítù? Ọmọ Yorùbá bíi tèmi. Nínú ilé mi, a ò gba ataare láyè, pásítọ̀ wa ti kìlọ̀ fún wa tipẹ́. Èmi ni mo wá lọ fowó mi ra á wọlé."

"Fọláhàn, rọra. Kí ló mú ọ yan Ṣítù tẹ́lẹ̀?"

Ó mí kanlẹ̀. "Mo bi àwọn méjèèjì pé báwo ni màá ṣe mọ̀ pé wọ́n tò ó dáadáa. Aaron ní kí n fọkàn tán òun. Ṣítù kọ ìwọ̀n gbogbo irin sílẹ̀, ó ní kí n mú ẹ̀rọ ìdiwọ̀n tèmi wá, kí n wọ̀n wọ́n fúnra mi. Inú mi dùn, Àǹtí. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnì dé, mo pe Màmá mi, mo ní, Màmá, ẹ wá wo ọmọ tuntun. Èmi ń ṣàwàdà, àwọn kàn ń bi mí pé ọjọ́ wo ló dé gan-an." Ó ju ọwọ́ nù. "Ẹ wò ó, agogo mẹ́rin."

* * *

Agogo kan kù díẹ̀ ni Túndùn dé Hillcrest Heights. Ṣọ́ọ̀bù Ṣítù ò fẹ̀, àmọ́ ó mọ́ ju ilé ìdáná ẹlòmíràn lọ. Gbogbo irin tó wà lórí tábìlì ló ní aṣọ funfun lórí. Ṣítù fúnra rẹ̀ ò tíì pé márùndínlógójì. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì, kò sì tètè dìde.

"Dìde, jàre. Kí ni mo fẹ́ fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣe?"

"Àǹtí, wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n Fọláhàn fẹ́ fi ọlọ́pàá mú mi." Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Tí orúkọ mi bá débẹ̀ kí Monday tó pé, ó parí. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń dúró de Monday yìí."

Túndùn ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó gbé ìgò náà kalẹ̀ sórí tábìlì, ó sì tẹjú mọ́ ọwọ́ ọmọkùnrin náà dípò ojú rẹ̀, torí pé ojú lè parọ́. "Inú ẹ́ńjìnì tó o tò ni wọ́n ti bá èyí. Òun àti oyin."

Ṣítù mú ìgò náà, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. "Ataare?" Ó tún un wò. Ìbẹ̀rù tó wà lójú rẹ̀ lọ, ìbínú ló rọ́pò rẹ̀. "Ta ló ṣí ẹ́ńjìnì mi?"

Túndùn rọra jókòó sórí àpótí. Ẹni tó bá jẹ̀bi á bèèrè ẹni tó fẹjọ́ òun sùn. Ẹni tó ṣí iṣẹ́ òun ni eléyìí ń bèèrè.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé wọ́n ṣí i?"

Ó lọ mú téèpù pupa kan wá. "Tí mo bá to ẹ́ńjìnì tán, mo máa ń ṣíná sí i níbí, kí n gbọ́ ohùn ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá fi téèpù yìí di gbogbo ẹnu ẹ̀, kí eruku má bàa wọ̀ ọ́. Màá wá kọ orúkọ oníbàárà sórí téèpù kọ̀ọ̀kan, àti ọjọ́. Ní Sátidé tí mo lọ bá wọn ṣíná sí i nílé wọn, mo rí téèpù tó wà lẹ́nu ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Orúkọ náà ti kodò."

"Kodò?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ wà lókè. Wọ́n ti ṣí i, wọ́n tún lẹ̀ ẹ́ pa dà, àmọ́ wọ́n dorí ẹ̀ kodò."

"O rí ìyẹn, o sì ṣíná sí i?"

Orí Ṣítù wálẹ̀. "Àǹtí, wọ́n jù mí lọ. Inú wọn ń dùn, wọ́n ti wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n máa fi wa ọkọ̀. Mo rò pé àwọn fúnra wọn ló yẹ inú ẹ̀ wò. Ṣé èmi ni màá wá máa bi àgbà pé kí ló ń wá nínú ẹ́ńjìnì ara ẹ̀?" Ó nu imú. "Ó yẹ kí n bi wọ́n. Ó yẹ kí n tú ọ́ìlì yẹn dànù. Mo ti rò ó títí, oorun ò kùn mí mọ́."

Túndùn mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ, torí pé òun náà ti bá irú ìtìjú yẹn dàgbà. Aaron ì bá ti bèèrè láìro ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé Yorùbá ló gbé ọ̀rọ̀ mì, ó sì fẹ́ẹ̀ẹ́ pààyàn.

"Téèpù náà dà?"

Ó wà nínú fáìlì iṣẹ́ náà, Ṣítù kì í ju nǹkan kan nù. Túndùn gbé e sí ojú fèrèsé. Kò ya níbì kankan. Ẹni tó ṣí i rọra bó o bí ẹni bó aṣọ lára egbò, ó sì fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká nígbà tó ń dá a pa dà. Ojú ibi tí oyin kán sí ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. FOLAHAN, JUNE 2, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà.

Ọ̀tá kì í fara balẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá sì mọ̀wé kà, kò ní lẹ orúkọ mọ́ nǹkan lódìkodì kó má rí i. Ṣítù ló kọ ọ́, Aaron mọ̀wé, Fọláhàn mọ̀wé. Wùnmí ìyàwó Fọláhàn náà mọ̀wé, nọ́ọ̀sì ni, kò tiẹ̀ wọ gáréèjì yẹn mọ́ láti oṣù kẹta, nígbà tí oyún oṣù méje bà jẹ́ lára rẹ̀. Ta ló wá kù nínú ilé náà?

Ọwọ́ Túndùn dúró lára téèpù. Ó gbọ́ ohùn Fọláhàn létí: àwọn kàn ń bi mí pé ọjọ́ wo ló dé gan-an.

Ó fi ìka ka ọjọ́. Láti Sunday dé Sunday, ọjọ́ kẹjọ. Oyin. Ataare.

"Àǹtí, kí ló dé?" ni Ṣítù bi í.

"Má ṣe kúrò nídìí fóònù rẹ," ni Túndùn wí, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde. Inú ń bí i sí ara rẹ̀. Òun tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ti ka gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà, ó yọ àgbàlagbà kan sílẹ̀.

* * *

Agogo mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú. Nínú ilé ìdáná ní Lake Arbor, Fọláhàn ti gbé fóònù ka iwájú, káàdì ọlọ́pàá wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ìwé àdéhùn Aaron sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò.

"Ẹ rí i?" ló bi í.

"Mo fẹ́ kí Màmá."

"Àǹtí, àsìkò ò sí."

"Mo ní mo fẹ́ kí Màmá, Fọláhàn. Tẹ̀ lé mi, kó o sì pa ẹnu mọ́."

Màmá jókòó sẹ́bàá fèrèsé yàrá wọn, wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀ nítorí atẹ́gùn amúlétutù tí kò bá wọn lára mu. Láti Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá lóṣù kẹta, láti wá gbọ́mọ jó. Ọmọ náà ti lọ kí ọkọ̀ òfurufú wọn tó balẹ̀. Ètè wọn gbẹ, ojú wọn sì ti jìn.

Túndùn kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, Màmá. Ó jọ pé ẹ ò tíì jẹun."

"Ààwẹ̀ ni mo wà, ọmọ mi. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n ní ẹnìkan fẹ́ pa Fọláhàn. Mo ní n ò ní jẹun lójú oòrùn títí Ọlọ́run á fi tú ẹni náà fó."

Túndùn ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti mú ọ̀daràn lọ́pọ̀lọpọ̀ láyé rẹ̀; kò sí èyí tó ń gbààwẹ̀ kí ọwọ́ lè tẹ òun.

"Màmá, orúkọ wo lẹ sọ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ Fọláhàn?"

Fọláhàn, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, sún mọ́ wọn.

Màmá wo ọmọ wọn, wọ́n tún wo Túndùn. Ojú tì wọ́n díẹ̀. "Ta ló rí mi? Mo rò pé gbogbo wọn ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kò sẹ́ni tó rí yín, Màmá."

"O má bínú, Fọláhàn. O ní pásítọ̀ yín ò fẹ́ ataare nínú ilé, ìyẹn ni n ò fi sọ fún ọ. Inú àpótí mi ló wà láti Ọ̀yọ́, òun àti oyin. Ọmọ yẹn ni mo rà wọ́n fún. Nígbà tí mo dé, tí mi ò bá ọmọ, o wọ gáréèjì yẹn lọ, o ò jáde sí wa mọ́. Wùnmí ń sunkún lókè, ìwọ ń kan irin nísàlẹ̀. Àfi lọ́jọ́ kan tó o pè mí, o ní kí n wá wo ọmọ tuntun. O rẹ́rìn-ín. N ò rí ẹ̀rín yẹn lójú rẹ láti ìgbà tí mo ti dé. Mo wá ní, bí èyí ni Ọlọ́run fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún, kì í ṣe inú ilé mi ni wọ́n á ti pa á tì láìlórúkọ. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, mo sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnu ẹ̀ tóbi, mo bó téèpù orí ẹ̀ tí n ò lè kà, mo da gbogbo oyin àti ataare náà sí i, mo lẹ̀ ẹ́ pa dà." Wọ́n nu ojú pẹ̀lú etí ìró. "Ànúolúwapọ̀ ni mo sọ ọ́. Orúkọ tí mo gbé bọ̀ láti ilé nìyẹn."

Igi àtẹ̀gùn dún. Wùnmí ló dúró níbẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dé.

Màmá rí ìgò ataare lọ́wọ́ Túndùn. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn pẹ́. "Túndùn. Ṣé oyin yẹn ló ṣe é?"

Túndùn wo Fọláhàn, torí pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́.

Fọláhàn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó wá gbé orí lé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó wọ ìbọ̀sẹ̀. "Òun ló ṣe é, Màmá. Àmọ́ kò sẹ́ni tó fẹ́ pa mí." Ohùn rẹ̀ já. "Ẹ gbọ́? Kò sẹ́nì kankan. Ẹ lọ jẹun."

Ẹkún tí kò sun lóṣù kẹta ló sun níbẹ̀. Wùnmí sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì wọ́n nílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀. Túndùn kọjú sí fèrèsé, ó ń wo adágún omi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán.

Agogo mẹ́rin lù. Fọláhàn dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó gbé fóònù. Túndùn tẹ̀ lé e, ó ń ka nọ́ńbà bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ti ọlọ́pàá.

"Ṣítù? Èmi ni. Má bínú sí mi." Ó gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. "Rárá, kò sí ọlọ́pàá kankan. Lọ ṣe Monday rẹ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tó o bá ti bọ́ níbẹ̀, wá gbé ẹ́ńjìnì yìí, kó o tún un tò fún mi. Lọ́jọ́ míì tó o bá rí nǹkan tó kodò, bi mí. Bí mo bá tiẹ̀ dàgbà ju bàbá rẹ lọ, bi mí."

Wùnmí na ọwọ́, ó gba fóònù náà. "Ṣítù, ìyàwó wọn ni. Téèpù tó o máa ń lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, má kọ orúkọ ọkọ mi sí i mọ́." Ó wo ọkọ rẹ̀. "Kọ Ànúolúwapọ̀ sí i."

Màmá ti fara ti ògiri dé ẹnu ọ̀nà. "Ọjọ́ wo ló máa pa dà dé gan-an?"

Fọláhàn fa àga kan fún wọn. Ó mú kàlẹ́ńdà lára ògiri, ó tẹ́ ẹ síwájú wọn lórí ìwé àdéhùn Aaron, ó mú ọwọ́ wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka wọn ka ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.